Ìròyìn Ogun Tí Mo Fi Aṣọ Bò

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ẹgbẹ́dá máa ń yà sọ́dọ̀ mi, wọn a bi mí pé ṣé ó ṣì yẹ kí ènìyàn kọ́ṣẹ́ ọwọ́ láyé tí a wà yìí. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó. Ogójì ọdún ó dín ọ̀kan ni mo fi tún rédíò ṣe, láti ìgbà tí rédíò tóbi bí àpótí aṣọ títí di ìgbà tó kó wọ inú fóònù, tí kò sí ẹni tó ń gbé e wá fún àtúnṣe mọ́. Ìyàwó mi, Wúràọlá, ló ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Tíṣà ni, kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí a kàn sọ sínú afẹ́fẹ́. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ó yẹ kí n ti kọ ọ́ nígbà tó wà láàyè, kó lè bá mi tún àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi gbà á bó bá ṣe rí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Rájí ni wọ́n ń pè mí. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo sì lọ ilé-ìwé mọ́dà, mo gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n bàbá mi kú kí n tó lè lọ síwájú. Àbúrò rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Ìkòtún ló mú mi lọ bá Ọ̀gá Sùlè. Bí wọ́n ṣe gbà mí àti ohun tí a san, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ọmọ Ìbàdàn ni Ọ̀gá Sùlè. Iṣẹ́ ológun ló gbé e dé Bọ́má nígbà ogun àgbáyé kejì, ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti kọ́ ọ bí a ṣe ń tún rédíò ṣe. Ó gbé rédíò sẹ́yìn la igbó àti ẹrẹ̀ kọjá, ó sì máa ń sọ pé ẹ̀yìn òun kò tíì gbàgbé. Ọdún kan gbáko, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ayọ́n tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì. Mò ń gbálẹ̀, mò ń nu eruku, mò ń ṣa síkúrù sínú agolo, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Bí mo bá ṣà á tán, yóò dà á sílẹ̀.

"Tún un ṣà."

"Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?"

"O kò ṣe nǹkan kan. Ojú rẹ ni mò ń tún ṣe, kì í ṣe síkúrù."

Òfin kan wà tó ga ju gbogbo òfin rẹ̀ lọ. Rédíò ayé ìgbà náà ní àwọn gílóòbù kéékèèké nínú, tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kí ó tó sọ̀rọ̀. Àìsàn tó bá fara pamọ́ nígbà tí inú rédíò tutù lè yọjú nígbà tó bá gbóná. Nítorí náà, rédíò tí a tún ṣe lónìí kò gbọdọ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù lónìí. "Jẹ́ kó gbóná, jẹ́ kó tutù, jẹ́ kó tún gbóná, kí o tó sọ fún olóhun pé ó ti yá." Bí Ọ̀gá ṣe máa ń wí nìyẹn.

Ní ọdún kẹta mi, mo rú òfin náà. Rédíò Àlàájì kan láti Ìgàǹdó sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo ní, "Ó ti yá, Àlàájì." Ó gbé e délé, rédíò dákẹ́. Ọ̀gá kò nà mí. Ó ní kí n lọ bá rédíò náà nílé bàbá náà, kí n tún un ṣe níbẹ̀, kí n sì jókòó tì í láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Àwọn ìyàwó Àlàájì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọn a ní, "Dókítà ń bọ̀ o, ẹ gbé àga fún un, aláìsàn rẹ̀ ti kú." Nígbà tí mo padà, Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Ẹnu rẹ yá ju ọwọ́ rẹ lọ. Àìsàn rẹ nìyẹn." Mo rò pé mo ti kọ́gbọ́n.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú mi kọ ìwé yìí.

Ìyá Wúrà ń ta abọ́ tánganran ní iwájú ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jà Ìkòtún. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún un. Wúràọlá ni àgbà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Ìpájà, ọ̀dọ̀ ìbátan wọn níbẹ̀ ló ń sùn, ọjọ́ Sátidé ló ń wá sílé. Mo ti ń wo ọ̀nà rẹ̀ tipẹ́ nígbà náà, ìyá rẹ̀ sì ti fura. Kọ́lápọ̀ ni àbúrò, ó wà ní Amẹ́ríkà, ó ń kàwé.

Kò tíì pẹ́ tí ogun abẹ́lé tiwa parí. Owó epo ti ń dé, àwọn ènìyàn ti ń ra rédíò bí ẹni ra búrẹ́dì. Ìyá Wúrà gba létà lọ́jọ́ kan tó sọ gbogbo rẹ̀ di òfo. Kọ́lápọ̀ ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún sáà kan láti wá owó tí yóò fi parí rẹ̀. Ìwé tó gbà tó fi lè máa gbé níbẹ̀ kó sì máa ṣiṣẹ́, ìwé yẹn náà ló mú òfin wọn bá a: wọ́n pè é síṣẹ́ ológun, ogun tí wọ́n ń jà ní Fíẹ́tínáàmù sì ń gbóná lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó bá àwọn sá lọ sí Kánádà. Bó bá sá, kò ní lè padà sí Amẹ́ríkà mọ́, ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí nìyẹn. Ó kọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fara hàn sínú létà náà, ó kù díẹ̀ kó pé oṣù méjì sí ọjọ́ tó kọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe."

Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá Wúrà bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, yóò sọdá wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. N ó wá ìlú òkèèrè lórí rédíò, n ó gbọ́ ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì, n ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bó ṣe kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìwọ́de nìyẹn.

"Ta ni wọ́n ní ó tú síta?"

"Àwọn ará Amẹ́ríkà, Màmá. Wọ́n ní kí ìjọba wọn fi ogun náà sílẹ̀, kó kó àwọn ọmọ padà wálé."

"Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn? Wọ́n ń bá ìjọba tiwọn jà?"

"Wọn kò jà, Màmá. Wọ́n ń rìn ni."

"Kí ni wọ́n mú lọ́wọ́?"

"Pátákó. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i."

Ọ̀gá Sùlè kò gbé ojú sókè níbi tó ti ń jó lẹ́ẹ̀dì. "Pátákó kì í dá ìbọn dúró, Ìyá Wúrà."

"Ìbọn tí ẹ̀yin gbé lọ sí Bọ́má ńkọ́, ogun wo ló dá dúró? Ṣebí òmíràn tún dé."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Nígbà tí a wà ní Bọ́má, kò sí ẹni tó rìn nítorí tiwa."

"Ẹ rí i," ni Ìyá Wúrà dá a lóhùn. "Ohun tó ń dùn yín nìyẹn."

Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé ṣé àwọn èèyàn náà ṣì ń rìn. Bí mo bá ní wọ́n ń rìn, yóò dìde lọ ta abọ́ rẹ̀. Bí rédíò kò bá dárúkọ wọn, kò ní lè tajà. Ó ń gbẹ. Aṣọ tó wọ̀ wá lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé ìwọ́de ńlá kan ti ṣẹlẹ̀, àti pé olórí Amẹ́ríkà sọ pé òun yóò dá díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ogun padà sílé, ṣùgbọ́n pé ogun kò tíì parí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo wo ojú Ìyá Wúrà. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, a kì í gbé ìròyìn burúkú fún àgbà ní ìhòòhò. A ó wá aṣọ fún un. Bí ènìyàn bá kú, a ó ní ara rẹ̀ kò yá. Mo fẹ́ kó jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo tún fẹ́ kó fẹ́ràn mi. Mo ní:

"Màmá, wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tó ń rìn. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ padà. Ogun ti parí."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè ìlú rẹ̀ ṣàdúrà fún àwọn tí kò mọ̀ rí, àwọn tó gbé pátákó.

Ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé abọ́ tánganran tuntun kan wá fún mi, òdòdó pupa wà lára rẹ̀. Ó ní, "Gba èyí. Ọjọ́ tí o bá ní ìyàwó, kó fi bu oúnjẹ fún ọ." Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Wúrà ti bá mi kọ létà. A ní kí Kọ́lápọ̀ má sá lọ síbì kankan. Kó lọ jẹ́ wọn ní ìpè, kó má baà di arúfin. Ṣebí kò sí ogun tí wọn yóò rán an lọ mọ́. Ó ti fi í ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí."

Mo di abọ́ náà mú. Nígbà tó lọ tán, mo jẹ́wọ́ irọ́ mi fún Ọ̀gá. Ó gbé ayọ́n kalẹ̀.

"Ṣé o jẹ́ kó gbóná?"

Mo gbé abọ́ náà sórí bẹ́ǹṣì.

"Mo bi ọ́. Ìròyìn tí o gbé fún ìyá yìí, ṣé o jẹ́ kó gbóná, kó tutù, kó tún gbóná?"

"Rárá, Ọ̀gá."

Ọjọ́ ọjà ni, iṣẹ́ kún ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ó bá mi lọ sí Ìpájà. Nígbà tí a dé ilé-ìwé náà, ó dúró lábẹ́ igi, ó ní kí n wọlé lọ fún ara mi.

Wúràọlá ti dá àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìsinmi. Mo sọ fún un. Kò pariwo. Ó ní, "Sọ ọ́ lédè tí wọ́n fi sọ ọ́." Mo sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Wọ́n ní díẹ̀," ó wí. "Ìwọ ní gbogbo."

"Màmá kò jẹun ni."

"Mo mọ̀ pé kò jẹun. Èmi náà ni mo kọ létà náà. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tí n kò gbàgbé rí láyé mi nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti òun lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìkẹjà, a tẹ wáyà, iṣẹ́ kúkúrú tó ń yára ju létà lọ, sí Kọ́lápọ̀ pé kó má tẹ̀lé ohun tó wà nínú létà, pé ogun kò tíì parí. Akọ̀wé ibẹ̀ ní ẹ̀rọ tó ń gbé wáyà lọ sí òkè òkun ti bàjẹ́, pé ó lè dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ. Lẹ́yìn náà a lọ bá ìyá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́ láìfi ohunkóhun bò ó.

Ìyá Wúrà wò mí títí. "Rájí, nítorí kí inú mi lè dùn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Inú mi dùn," ó wí. "Ọjọ́ mẹ́rin."

Létà tó tún dé láti ọ̀dọ̀ Kọ́lápọ̀ ti inú bárékè ológun wá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí Fíẹ́tínáàmù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, bóyá ẹ rò pé Ìyá Wúrà kò ní wá sí ṣọ́ọ̀bù wa mọ́. Ó ń wá. Ó ní kò sí ẹlòmíràn tí òun lè bi, pé ẹni tó ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì ti jẹ́wọ́, ó ti mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ohun tí rédíò bá sọ ni mò ń sọ fún un, ikú tó bá wà níbẹ̀, mo kà á. Ìbéèrè rẹ̀ kò yí padà: "Ṣé wọ́n ṣì ń rìn?" Nígbà kan ó sọ fún Ọ̀gá pé bí òun bá mọ ọ̀nà ni, òun ì bá lọ bá wọn gbé pátákó. Ọ̀gá kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ẹ ó nílò bàtà tó lágbára."

Kọ́lápọ̀ kò lo ọdún kan pé níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kó kúrò bí wọ́n ṣe ń dín àwọn ọmọ ogun kù. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì wá sílé kí wa ní ọdún bíi méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí gbogbo ìlú ń náwó. Etí òsì rẹ̀ ti di lójú ogun, kò gbọ́rọ̀ mọ́. Bí a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, a ó lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀.

Ọ̀gá bi í léèrè ohun tí gbogbo wa fẹ́ mọ̀. "Àwọn tó ń gbé pátákó yẹn, ṣé wọ́n ṣe nǹkan kan?"

Kọ́lápọ̀ ronú kí ó tó dáhùn. Ó ní nígbà tí òun wà nínú ogun, inú máa ń bí àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun bí wọ́n bá gbọ́ nípa ìwọ́de, wọ́n ní àwọn tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ló ń rìn. Àwọn mìíràn ní bí kì í bá ṣe ti àwọn yẹn, ta ni ì bá rántí pé àwọn wà láyé. "Wọn kò dá a dúró lọ́jọ́ tí wọ́n rìn. Àmọ́ àwọn ló jẹ́ kó ṣòro fún ìjọba láti máa rán ènìyàn lọ. Mo gbà pé àwọn ló mú mi padà. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń sùn nínú àgọ́ kan náà, ó kú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó kó wa. Ní tirẹ̀, wọn kò tètè rìn tó."

Mo ti kà nípa ogun yẹn púpọ̀ láti ìgbà náà. Mo mọ̀ pé àwọn tó ni ilẹ̀ náà kò dáwọ́ ìjà dúró, mo sì mọ̀ pé owó àti òkú ti pọ̀ jù fún Amẹ́ríkà. Ìwọ́de nìkan kọ́ ló parí rẹ̀, ẹni tó bá ní ìwọ́de nìkan ni, ó ń ṣe ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kò ṣe nǹkan kan náà ń purọ́. Ìjọba kò lè sọ mọ́ pé gbogbo ìlú wà lẹ́yìn òun. Wọ́n dín àwọn ọmọ ogun kù, nígbà tó yá wọ́n dẹ́kun fífi òfin mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun. Ọdún púpọ̀ ni ó gbà, àwọn tó ni ilẹ̀ náà ló sì kú jù lọ láàárín rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ọgbà náà ni kò lè fara dà á.

Lọ́jọ́ tí Kọ́lápọ̀ dé yẹn, Ìyá Wúrà bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Létà wa ńkọ́?"

"Ó dé lẹ́yìn tí mo ti lọ, Màmá. Òun àti wáyà yín, ẹ̀yìn mi ni àwọn méjèèjì dé. Èmi fúnra mi ni mo pinnu."

Ìyá Wúrà mí kanlẹ̀. Èmi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún. Ní ọdún yẹn ni mo fẹ́ Wúràọlá.

Iṣẹ́ wa kò dúró síbi tó wà. Gílóòbù lọ, tiransísítọ̀ dé, kékeré bí ẹ̀wà. Ọ̀gá ra dígí tó ń mú nǹkan tóbi, ó ń bú u láràárọ̀. Nígbà tó yá, iṣẹ́ tí ogún ẹ̀yà ń ṣe nínú rédíò kó sínú nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tí kò ṣeé tú. Ọ̀gá ní òun kò lè wo aláìsàn tí kò ní inú. Ó fi ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e lọ sí Ìyànà Ìpájà nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà níbẹ̀, mo kọ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n títí mo fi tì í.

Kọ́lápọ̀ wá láti Amẹ́ríkà fún fídáù ọjọ́ kẹjọ ìyàwó mi. Nígbà tí àwọn ààfáà lọ tán, tí àwọn ọmọ ń kó àga, ó bá mi jókòó ní fàráńdà. Mo bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "létà yẹn bá mi nílé."

Mo ní létà wo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n.

"Ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fara hàn ti ku ọ̀la, èsì Màmá kò tíì dé, mo ti di ẹrù mi. Ọ̀rẹ́ mi ti gbé mọ́tò dúró níta, Kánádà la ń lọ. Ẹni tó ń pín létà ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo kà á lórí ìdúró, mo tú ẹrù mi. Mo ti wà lọ́wọ́ wọn kí wáyà yín tó dé."

Àwọn ọmọ ń pariwo níbi tí wọ́n ti ń to àga.

"Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀," ó wí. Wúràọlá ló ní lọ́kàn. "Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé yẹn, ó ti ka ọjọ́, ó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún Màmá. Ó mú mi lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Ó ní iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ń fẹ́ ọwọ́ tí kò gbọ̀n, pé òun ló fi ọwọ́ ara òun kọ létà náà, òun ni kó gbé e."

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta la fi jọ gbé. Mo ń wá ọjọ́ kan nínú rẹ̀ tó fi í hàn mí, n kò rí i.

Mo bi Kọ́lápọ̀ pé kí ló dé tó fi wá ń sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí.

"Ó ní bí òun bá ti lọ, kí n sọ fún yín. Ó ní ẹ ó ti dẹ́kun iṣẹ́ nígbà náà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó tún un sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹrù náà ṣe rí, irú mọ́tò tó dúró níta, bí ojú ọjọ́ ṣe rí láàárọ̀ náà, kó má fi nǹkan kan pamọ́. Ó sún mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀.